Bébà Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ Lọ́wọ́ Eric Carle

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló jẹ́ pé orí bébà funfun ni iṣẹ́ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn a mú lẹ́ẹ̀dì, wọn a ya ohun tó wà lọ́kàn wọn, lẹ́yìn náà ni wọn a tó gbé ọ̀dà. Ní ti Eric Carle, ará Amẹ́ríkà tó ṣe The Very Hungry Caterpillar, ìwé ọmọdé nípa kòkòrò kan tó ń jẹun káàkiri títí tó fi di labalábá, ọ̀dà ló ń ṣáájú. A kun ọ̀pọ̀ bébà sílẹ̀ láìtíì mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Wọ́n lè di ìyẹ́ ẹyẹ lọ́la, wọ́n lè di ewé, wọ́n lè di ikùn erin. Tí wọ́n bá ti gbẹ, a kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ pẹlẹbẹ, pupa lọ́tọ̀, àwọ̀ ewé lọ́tọ̀, àwọ̀ ọsàn lọ́tọ̀. Ọjọ́ tí ìtàn bá dé ni yóò tó ṣí dúrọ́ọ̀ wọ̀nyí, tí yóò máa yẹ bébà wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tó bá ohun tó ń wá mu.

Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ ọdún mẹ́ta fi ń gbé ìwé kan náà wá bá ìyá rẹ̀ lálaalẹ́, ibi dúrọ́ọ̀ yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé ni Carle, ayàwòrán sì ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ronú kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Bébà tó ń lò kò lágbára rárá. Irú èyí tí wọ́n fi ń wé bàtà tuntun nínú páálí ni, tó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí atẹ́gùn díẹ̀ sì lè gbé e lọ. Funfun báláú ló máa ń rà á. A tẹ́ ẹ sílẹ̀, a po ọ̀dà acrylic, a fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ fa ìpele àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí tí bébà yìí bá tutù, kì í pẹ́ ya. A jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò wá da àwọ̀ kejì lé e, eré ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: a fi ọmọ ìka fa ìlà tó wọ́, a fi kànrìnkàn tẹ̀ ẹ́ níbí, a fi òǹtẹ̀ lù ú lọ́hùn-ún. Nígbà mìíràn, a ki àjákù kápẹ́ẹ̀tì bọ inú ọ̀dà, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà náà kí ojú rẹ̀ lè rí ṣákiṣàki. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta yóò tètè mọ ohun tó ń ṣe yìí, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìyẹ́ adìẹ lásán tàbí ooyà lè bí àràbarà sójú aṣọ, wọ́n sì mọ̀ pé ìpele lórí ìpele ni àwọ̀ fi ń jinlẹ̀. Pupa tí Carle bá kùn, ó ṣeé ṣe kí àwọ̀ ọsàn wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń yọjú díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pupa rẹ̀ kì í fi í kú lójú ẹni.

Tí bébà bá ti wà nílẹ̀, gígé ló kù. A kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì ya àwòrán náà sórí bébà tí ojú ń là já, a gbé e lé bébà tó ti kùn, a wá fi ọ̀bẹ kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú ṣáṣá tọ ìlà náà. Ohun tó bá gé kúrò, a fi gọ́ọ̀mù ṣíṣàn, irú èyí tí àwọn Òyìnbó fi ń lẹ bébà mọ́ ògiri ilé, lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí funfun. Ẹ mú ìwé kòkòrò náà, kí ẹ wo ara kòkòrò yẹn dáadáa. Orí rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé yẹn pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Apá kan dúdú díẹ̀, èkejì mọ́lẹ̀, òmíràn ní ìlà búrọ́ọ̀ṣì tó hàn gbangba láàárín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà dúdú yí wọn ká. Etí ibi tí ọ̀bẹ gbà ni ààlà wọn. Àwọn irun tó dúró gbọn-ọn lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fà sí i lẹ́yìn tí gígé àti lílẹ̀ ti parí.

Ọmọdé tó bá wò ó rí i pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ó rí ibi tí bébà kan ti gun orí òmíràn. Ó rí i pé ọsàn kò fi gbogbo ara rí roboto. Carle máa ń sọ pé inú òun kì í dùn tó ìgbà tí ọmọ bá wo iṣẹ́ òun tó ní òun náà lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ àgbà ayàwòrán ni yóò ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àrífín. Òun kà á sí oríyìn tó ga jù, mo sì gbà pé òótọ́ ọkàn rẹ̀ ló sọ, nítorí bí ìgbà èwe rẹ̀ ṣe rí.

Wọ́n bí i ní Syracuse, ní ìpínlẹ̀ New York, lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1929. Ọmọ Jámánì tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà ni àwọn òbí rẹ̀. Ní jẹ́lé-ó-sinmi tó ti bẹ̀rẹ̀, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kún fún ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bébà ńláńlá ni wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀, wọ́n fún un ní ọ̀dà oríṣiríṣi àti búrọ́ọ̀ṣì tó sanra. Kò gbàgbé rẹ̀ títí tó fi dàgbà. Ọdún 1935 ni àárò ilé gbé ìyá rẹ̀, wọ́n sì kó padà sí Stuttgart ní Jámánì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Carle. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tuntun yìí, bébà kékeré ni wọ́n gbé fún un, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì líle àti rúlà, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣe àṣìṣe. Pàṣán náà kò jìnnà. Nígbà tó rí i pé wọn kò ní padà sí Syracuse mọ́, ó pinnu pé tí òun bá dàgbà, òun yóò di ẹni tó ń kọ́ afárá. Òun yóò kọ́ afárá kan láti Jámánì dé Amẹ́ríkà, òun yóò sì mú ìyá àgbà òun lọ́wọ́ gba orí rẹ̀ kọjá.

Bàbá rẹ̀ ni ìtùnú rẹ̀. Wọ́n jọ máa ń rìn nínú pápá àti igbó. Bàbá a ṣí òkúta, a bó èèpo igi tó ti gbẹ, a fi kòkòrò tó ń gbé abẹ́ wọn hàn án, a sọ bí ìgbésí ayé kòkòrò náà ṣe rí, a sì rọra dá a padà síbi tó ti mú un. Ẹni tó bá ka ìwé Carle tán tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé alántakùn, ìrẹ̀, tannátanná àti kòkòrò ló kún inú wọn, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ogun bẹ́ lọ́dún 1939, ìjọba mú bàbá náà wọ iṣẹ́ ológun. Ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà, ọdún 1947 ló tó padà wálé, ìwọ̀n ara rẹ̀ kò sì tó kílò 40 mọ́. Carle fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbẹ́ kòtò ogun ní ààlà ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Ìlú Stuttgart nígbà náà, wọ́n ti fi àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ kun àwọn ilé rẹ̀ kí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá má baà tètè rí wọn. Kò sí àwọ̀ gidi kankan láàárín ìlú.

Inú ìlú aláwọ̀ eérú yìí ni olùkọ́ rẹ̀ kan, Fridolin Krauss, tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà, ti pè é wá sílé lọ́jọ́ kan. Ó mú páálí kan jáde, ó ṣí i, ó fi àwòrán Picasso, Matisse àti Klee hàn án, àwọn àwòrán tí ìjọba Hitler ti fòfin dè. Ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ronú bí ọkùnrin yìí ṣe fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu: tí ọmọ náà bá tú àṣírí, iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n ló gba ibẹ̀ lọ. Carle kò gbàgbé. Lọ́dún 2011, nígbà tó ti lé ní 80 ọdún, ó ṣe ìwé kan, The Artist Who Painted a Blue Horse, nípa ọmọ tó kun ẹṣin ní àwọ̀ búlúù, ó sì fi bu ọlá fún Franz Marc, ọmọ Jámánì tó máa ń kun ẹṣin ní búlúù, tí iṣẹ́ tirẹ̀ náà wà lára ohun tí wọ́n fòfin dè.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà ní Stuttgart, ó sì padà sí New York lọ́dún 1952 pẹ̀lú 40 dọ́là lápò àti àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ apá. Ìwé ìròyìn The New York Times gbà á síṣẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà náà tún mú un wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun Kòríà, wọ́n sì rán an lọ sí Jámánì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn tó ti dé, ó wọ iṣẹ́ ìpolówó ọjà, ibẹ̀ ló sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìpolówó ọjà kan tó ṣe, tó gé edé ńlá pupa kan sí, ni Bill Martin Jr rí. Olùkọ́ àti òǹkọ̀wé ni Martin, ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìwé ọmọdé kan tán, ayàwòrán ló ń wá. Edé pupa yẹn ló fi mọ̀ pé òun ti rí i. Ìwé náà, Brown Bear, Brown Bear, What Do You See?, jáde lọ́dún 1967. Nígbà tí Carle ń ṣe é, ó rántí bébà ńlá àti búrọ́ọ̀ṣì sísanra ti Syracuse, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe títí ayé òun nìyí.

Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ṣì ń yàwòrán sí nígbà náà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ àti àwòrán wá jọ ti ọwọ́ kan ṣoṣo jáde, ihò ló fà á. Carle ń fi páńṣì ṣeré nídìí iṣẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń lu ihò sí bébà kí wọ́n tó kó o sínú fáìlì. Ó lu ihò sínú ìdìpọ̀ bébà kan. Ó wo ihò náà, ó ní kòkòrò tó ń jẹ ìwé ló kọjá níbẹ̀. Ó pe kòkòrò náà ní Willi, ó sì gbé ìtàn ọ̀sẹ̀ kan rẹ̀ kalẹ̀. Ann Beneduce, olóòtú tó ń bá a ṣiṣẹ́, fẹ́ràn ihò náà, ṣùgbọ́n kò dá a lójú pé ẹnikẹ́ni yóò fẹ́ràn irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ó dábàá kòkòrò tó ń jẹ ewé. Kíá ni Carle dáhùn pé labalábá! Ìparí ìtàn ti dé nìyẹn.

Mo fẹ́ ká dúró lórí èyí díẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé ń gbà di ìwé ni pé òǹkọ̀wé a kọ ọ̀rọ̀ tán, àwọn atẹ̀wé a wá ayàwòrán tí wọn kò jọ mọ ara wọn rí, oníkálùkù a ṣe tirẹ̀. Àwọn ìwé dáadáa ti gba ọ̀nà yẹn jáde, ìwé Martin sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n kò sí òǹkọ̀wé tí yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà tàbí gègé rẹ̀, tí yóò kọ ọ́ pé kí ojú ìwé kan kéré ju èkejì lọ, kí ihò wà láàárín èso ápù. Ẹni tí bébà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá sí lọ́kàn. Òun náà ló sì lè gé gbólóhùn kúrú nígbà tó bá rí i pé ihò ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ọ̀rọ̀ inú ìwé kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò tó 300.

Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ọjọ́ Ajé, kòkòrò náà jẹ ápù kan. Ojú ìwé tí ápù náà wà kò fẹ̀ púpọ̀. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun fẹ̀ díẹ̀ sí i, ti Ọjọ́rú tún fẹ̀ jù ú, títí dé ọjọ́ Ẹtì tí ọsàn márùn-ún tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Tí a kò bá tíì ṣí ìkankan, gbogbo wọn fi etí hàn léra wọn, ọmọ sì rí i pé oúnjẹ ń pọ̀ sí i. Ihò kan wà lára èso kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ṣí ojú ìwé náà, kòkòrò ti yọ lódì kejì. Ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè; ìka ọmọdé ló bá ihò wọ̀nyí mu, ọmọ kì í sì í pẹ́ kó tó fi ìka tirẹ̀ tọ ọ̀nà tí kòkòrò gbà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó kó ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ: kéèkì, áísìkirímù, wàrà, sọ́séèjì, bàrà olómi. Inú wá ń run ún. Ọjọ́ Àìkú ló jẹ ewé tútù kan, ara rẹ̀ sì yá. Ọmọ ti ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti mọ orúkọ ọjọ́, ó ti mọ̀ pé àjẹjù ń run inú, ó ti mọ bí kòkòrò ṣe ń di labalábá, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n ti jókòó kọ́ ọ.

Títẹ̀ rẹ̀ kò rọrùn. Ìwé ọmọdé tó wọ́pọ̀ máa ń jẹ́ ojú ìwé 32, nítorí bébà ńlá kan ni ẹ̀rọ ń tẹ̀, wọn a ká a, wọn a gé e, iye ojú ìwé tó bá jáde nínú kíká yẹn ni wọ́n ń lò. Ojú ìwé tí ìbú wọn kò dọ́gba, tí ihò tún wà lára wọn, ń fẹ́ gígé lọ́tọ̀ àti ọwọ́ tó pọ̀. Iye tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ní Amẹ́ríkà máa gbà kò ṣeé san. Beneduce ló wá ilé ìtẹ̀wé kan rí ní Japan tó gbà láti ṣe é. Ìwé náà jáde lọ́dún 1969, ọdún tí Carle pé ẹni 40 ọdún. Láti ìgbà náà, wọ́n ti tà ju mílíọ̀nù 50 ẹ̀dà rẹ̀ lọ, ó sì ti wà ní èdè tó lé ní 60.

Carle ní èrò kan tó ń tọ́ ọ sọ́nà nínú gbogbo èyí. Ó gbà pé ọjọ́ tí ọmọ kúrò nílé tó lọ sílé-ẹ̀kọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ tó le gan-an láyé ọmọ ènìyàn. Ilé ni eré àti ara ìyá wà; ilé-ẹ̀kọ́ ni ìwé àti òfin wà. Ó fẹ́ kí ìwé òun jẹ́ ohun tí ọmọ lè fọwọ́ kàn bí ohun ìṣeré, tó sì lè kà bí ìwé, kó lè tipa rẹ̀ kọjá láti ibì kan sí èkejì láìsí ìbẹ̀rù. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ afárá nígbà kan, irú afárá tó padà wá kọ́ nìyí.

Ó wá ń dán oríṣiríṣi ọgbọ́n wò. Nínú The Grouchy Ladybug tọdún 1977, ojú ìwé ń tóbi bí ẹranko tí kòkòrò pupa kékeré náà ń fìjà lọ̀ ṣe ń tóbi. Nínú Papa, Please Get the Moon for Me tọdún 1986, ojú ìwé ń ṣí sókè, ó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àkàsọ̀ tí bàbá fẹ́ fi gun òṣùpá lè rí àyè. Ìrẹ̀ inú The Very Quiet Cricket, lọ́dún 1990, ń dún gan-an tí ọmọ bá ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Tannátanná inú ìwé rẹ̀ tọdún 1995 ń tàn yẹ́ríyẹ́rí. Nínú gbogbo wọn, The Very Busy Spider tọdún 1984 ni mo gbé lé orí. Wọ́n tẹ okùn alántakùn náà kó yọ sókè lójú bébà, ó sì ń gbòòrò láti ojú ìwé kan dé òmíràn, tó fi jẹ́ pé ọmọ tí kò ríran lè fi ọwọ́ tọ̀ ọ́, kó mọ ibi tí alántakùn bá iṣẹ́ dé. Bátìrì inú ìwé ìrẹ̀ yóò kú lọ́jọ́ kan. Okùn alántakùn yẹn kò nílò bátìrì.

Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n ń bá a rò títí tó fi kú. Nínú ìtàn rẹ̀, kòkòrò náà fi okùn hun ilé yí ara rẹ̀ ká kó tó di labalábá. Àwọn olùkọ́ àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ fún un pé afòpiná ló ń hun irú ilé bẹ́ẹ̀. Òun náà ni wọ́n ń gba òwú sányán lára ilé rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Labalábá ní tirẹ̀ máa ń bọ́ awọ ni, èèpo líle a sì bo ara rẹ̀. Carle mọ̀. Ó dáhùn pé irú labalábá kan wà, tí kò wọ́pọ̀, tó ń hun ilé, àti pé kòkòrò tòun kò jọ tẹlòmíràn. Kò yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ ni mo wà lórí èyí, nítorí ọmọ tó kọ́ nǹkan nínú ìwé tó fẹ́ràn kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Ohun kan tó gbà láti yí padà ni àwọn àwòrán Brown Bear. Nígbà tó ń ṣe wọn, bébà tí ilé iṣẹ́ ti kùn ló rà lọ́jà, kò tíì máa kun tirẹ̀. Àwọ̀ irú bébà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ṣá tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Ọ̀dà acrylic tó wá gùn lé lẹ́yìn náà kì í tètè ṣá, ó sì fún un láyè láti pinnu àwọ̀ fúnra rẹ̀. Ó padà tún àwọn àwòrán ìwé náà ṣe.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002, òun àti Barbara ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé kan ní Amherst, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, fún àwòrán inú ìwé ọmọdé, èyí tí wọ́n ti rí irú rẹ̀ ní Japan. Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìwé ọmọdé mìíràn náà wà níbẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ti Picasso kọ́. Carle kú lọ́jọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ní ẹni ọdún 91. Ilé náà ṣì ń gba àlejò. Yàrá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kó bébà, àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù sí, tí ẹni tó bá wá wo àwòrán tán lè jókòó síbẹ̀ kó ṣe tirẹ̀.